Eruku Iwájú Ilé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì 2025

Ilé Màmá Priscilla ti di òkìtì. Ilé Àgùdà tó dojú kọ tiwa láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ní Pópó Àgùdà yìí—fèrèsé rẹ̀ tó rí roboto lókè, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sí orí ẹnu ọ̀nà. Màmá kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ tà á. Àná ni katapílà wọlé. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kò sí nǹkan mọ́. Wọ́n ní ilé alájà mẹ́sàn-án ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀. Àdúgbò tí ọkọ̀ méjì kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá!

Eruku yìí pọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ tirẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń bá a dá kún un. Mo fi ọwọ́ kan tábìlì ìránṣọ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi yọ lórí rẹ̀ kedere. Aṣọ pẹpẹ tí mo ń ṣe lọ́wọ́—mo yára kó o sínú ọ̀rá.

Béèsì dúró sí fàráńdà, ó ń wò wọ́n. (Gregory lorúkọ ọkọ mi. Béèsì ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí ohùn tó fi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin.) Nígbà tó yá, ó ní, “Ethel, inú ilé yẹn ni mo ti kọ́ dùùrù.” Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Jánúárì

Béèsì húkọ́ láàárín orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ìwé orin bo ẹnu, ó tún ń bá a lọ. Ó ní ọyẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì

Mi ò ráyè kọ nǹkan láti ìgbà yìí. Aṣọ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ ni mò ń rán, funfun nìkan, bẹ́ẹ̀ funfun àti eruku kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Típà kì í kúrò ní ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Yanrìn, òkúta, sìmẹ́ǹtì. Mo ti sọ ilé tuntun náà ní Gògòrò. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n fi ń gé bíríkì àti òkúta—Aláriwo nìyẹn. Tí Aláriwo bá ti bẹ̀rẹ̀, èéfín funfun á bo gbogbo òpópónà, ẹni tó wà lódìkejì á di òjìji.

Àmọ́ ayọ̀ wọlé díẹ̀. Jímọ̀ rí iṣẹ́! Òun àti ìyàwó rẹ̀, Hàlímọ̀, ni ayálégbé wa nísàlẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyàwó. Wọ́n bí Àdìjátù lẹ́yìn Iléyá èṣí. Bíríkìlà ni Jímọ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wáṣẹ́ kiri. Àdìrẹ tí Hàlímọ̀ ń tà ní Jankara ni wọ́n fi ń jẹun. Gògòrò ti wá gbà á síṣẹ́. Hàlímọ̀ sáré gòkè wá, ó kúnlẹ̀, “Màmá, ẹ bá wa dúpẹ́ o!” Mo bá wọn dúpẹ́. Tọkàntọkàn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Fẹ́búárì

Mo kọjá sọ́hùn-ún lónìí. Ẹńjiníà wọn kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ. Olúwafẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ó dé akoto funfun kan tí eruku kì í kàn—mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Akoto Funfun, ó bá a mu. Ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀. “Ẹ kúuṣẹ́ o, Mummy.”

Mo ní níbòmíràn, àwọ̀n ni wọ́n ń ta yí irú ilé báyìí ká. Wọ́n ń wọ́n omi sílẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń gé òkúta kó má baà gbóná di lẹ́búlẹ́bú. Tọ́pẹ́, ọmọ mi obìnrin, ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo sì sọ ọ́ bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ń mi orí pé òun gbọ́. “Ẹ má worry, Mummy. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ máa rí i.”

Ọmọlúàbí ni. Mo bọ̀ wálé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Kò sí àwọ̀n. Kò sí omi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Béèsì kò kọrin lónìí. Ó dúró láàárín wọn, ó wọ aṣọ akọrin tí mo fọwọ́ ara mi rán, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ohùn kò jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ ara wa ni mo ti ń ṣa ohùn yẹn láàárín ti gbogbo wọn, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Òní, mo ṣà á títí, mi ò rí i.

Lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Bàtà tó wọ̀ kò ní okùn.

Mo jókòó tì í. A sinmi títí mímí rẹ̀ fi wálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Ọsibítù. Ó kọ̀, ó kọ̀, ó wá gbà.

Dókítà náà, obìnrin ni, ojú rẹ̀ tutù. Ó gbọ́ àyà Béèsì níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ó bi í bóyá ó ń mu sìgá. Rárá. Iṣẹ́ wo ló ṣe? Báńkì ní Tinúbú, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Aṣọ lílọ̀ àti táì, kò gbé ṣọ́bìrì rí láyé rẹ̀. “Kí ló wà nítòsí ilé yín, sà?” A sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ohun tó sọ kí n má baà gbàgbé. Ó ní eruku tí mo ń gbá nílẹ̀ kọ́ ni òun ń bẹ̀rù, nítorí imú á dá ìyẹn dúró, a ó fọn ọ́n dànù. Èyí tí ojú kò rí ni. Lẹ́búlẹ́bú òkúta àti sìmẹ́ǹtì, ó kéré débi pé á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, á jókòó síbẹ̀. Ọkàn pàápàá kì í bọ́ nínú rẹ̀. Ó ní àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ ló tètè máa ń mú. Ó ní kò dà bí ẹni pé ẹ̀dọ̀fóró Béèsì lágbára púpọ̀ tẹ́lẹ̀, Béèsì fúnra rẹ̀ kò kàn mọ̀ ni.

“Èyí tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní padà bọ̀ sípò, sà. Èyí tó kù la fẹ́ dáàbò bò.” Ó fún un ní íńhélà, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Ó wá ní kó kúrò nílé títí wọn yóò fi kọ́lé náà tán.

Béèsì rẹ́rìn-ín. “Dókítà, bàbá bàbá mi ti Bàhíà ní Bràsíìlì dé, ó ní òun kò tún rìnrìn àjò kankan mọ́. Ibẹ̀ ni mo wà.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Mo ti ti gbogbo fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Mo ki aṣọ bọ omi, mo ta á sẹ́nu ibi tí kò ṣeé tì. Mi ò gbálẹ̀ mọ́, nínù ni, nítorí ìgbálẹ̀ ń gbé eruku dìde ni. Omi tí mo fi nu yàrá ní ìdájí dà bí omi èlùbọ́. Lọ́sàn-án mo tún nù ún. Bákan náà.

Ooru inú ilé kò ṣeé fẹnu sọ.

Aṣọ Kọmúníọ̀n méjì ti bàjẹ́. Mo fọ̀ ọ́, ó kọ̀ láti funfun. Màá ra aṣọ mìíràn, màá tún un rán. Kí ni màá sọ fún ọmọdé?

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Béèsì nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé màá lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àyíká. Mi ò mọ̀ pé Hàlímọ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, tó ń gbé omi gòkè fún wa.

Ó gbé omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, kí la máa jẹ? Ààwẹ̀ ti dé tán. Wọ́n á sì mọ̀ pé inú ilé yìí lẹjọ́ ti jáde, Jímọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ lé.”

Mo ní, “Hàlímọ̀, ọkọ mi kò lè mí.”

Ó ní, “Mo mọ̀, mà. À ń gbọ́ wọn nísàlẹ̀.” Omi ti wà lójú rẹ̀.

Àwa méjèèjì ń wo ara wa. Obìnrin méjì, ọkọ méjì, òpópónà kan. Àdìjátù húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀—ikọ́ kékeré, bí ológbò tó fẹ́ sín. Èmi gbọ́. Òun náà gbọ́.

Mo ní kó dìde, mo ní màá ní sùúrù títí ààwẹ̀ á fi parí. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Máàṣì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ ń gbààwẹ̀, ó tún ń gun àgbékà onígi tí wọ́n tò yí Gògòrò ká nínú oòrùn. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, ó máa ń dà bí ẹni tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun, ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá á funfun. Àdìjátù kì í jẹ́ kó wọlé tán kó tó na ọwọ́ sí i. Á gbé e, ọmọ á gbórí lé e láyà, á fi ojú nu ara ẹ̀wù rẹ̀. Hàlímọ̀ á máa rẹ́rìn-ín, “Ẹ wo ìyàwó yín!”

Mo wò wọ́n láti òkè. Ó wù mí wò.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

Ọjọ́rú Eléérú. Àlùfáà fi eérú sí wa níwájú orí, ó rán wa létí pé erùpẹ̀ ni wá. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, Béèsì ní, “Wọn ì bá má ti yọ ara wọn lẹ́nu. Mo ti gba tèmi nílé.”

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà ló fa ikọ́. A dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo gbọ́ igbe Hàlímọ̀. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé Àdìjátù dání níwájú rẹ̀ bí ẹni gbé ohun tó fẹ́ já bọ́. Ikọ́ tí a ti ń pè ní ọ̀fìnkìn láti ọjọ́ yìí ló wá di báyìí. Ọmọ náà kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí, abẹ́ ìhà rẹ̀ á wọlé, ọrùn rẹ̀ á jìn kòtò. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Béèsì láti òkè: “Ẹ máa gbé e lọ! Ẹ má dúró!” Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ, Hàlímọ̀ ń bẹ awakọ̀ pé kó sáré. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, mò ń pe orúkọ rẹ̀, mò ń pe orúkọ Olúwa. Nọ́ọ̀sì tó rí wa lẹ́nu ọ̀nà kò béèrè káàdì, ó kàn já ọmọ gbà. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí i nímú tó ń tú oògùn jáde bí ìkùukùu. A dúró. A ń wo àyà kékeré yẹn. Ó pẹ́, ó pẹ́, ó wá sunkún. Mi ò mọ̀ pé igbe ọmọ lè dùn tó bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀ dé. Ẹnì kan ti lọ pè é níbi iṣẹ́, bó ṣe wà ló ṣe wá. Ó na ọwọ́ sí ọmọ. Nọ́ọ̀sì dúró sáàárín. “Bàbá, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ara yín.”

Ó wo ara rẹ̀.

Dókítà kò bá a jà, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ṣàlàyé. Ohun tó wà lára ẹ̀wù iṣẹ́ kò yẹ kó kan ọmọ ọwọ́. Kó máa bọ́ ọ síta, kó wẹ̀, kó tó gbé e. Jímọ̀ ń fà sẹ́yìn bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Àmì funfun sì wà lára ògiri náà nígbà tó kúrò níbẹ̀.

Ó ní, “Èmi ni?”

Dókítà ní, “Ẹ̀yin nìkan kọ́. Afẹ́fẹ́ tó wà níbi tí ẹ ń gbé náà ni.”

Jímọ̀ ní, “Èmi ni.”

Ó jáde lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù. Wọ́n pe ìrun Màgàríbì, kò ṣínu. Mo ra omi, mo ra dàbínù, mo dúró lé e lórí. Mo ní, “Jímọ̀, jẹun. Ọmọ ẹ ń mí.” Ó mu omi náà. Ó ń sunkún, ó ń mu ún.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Àdìjátù ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ara rẹ̀ ń le sí i. Hàlímọ̀ kò gbójú sókè nígbà tó sọ ọ́, ó ń tún aṣọ ọmọ ṣe. “Màmá, ẹ lọ.”

Láti ọsibítù ni mo ti gba ọ́fíìsì lọ. Wọ́n gbọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Ta ló sọ fún wọn? Ẹnì kan sọ fún wọn.

Láti ìdájí ni àwọ̀n aláwọ̀ ewé tuntun ti yí Gògòrò ká. Wọ́n ti wọ́n omi sílẹ̀, ilẹ̀ tutù bí àgbàlá ìyá oníṣẹ́ aró. Aláriwo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ wọ ìbòmú, funfun báláú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, Akoto Funfun mú wọn yí ibẹ̀ ká bí ẹni ń fi ilé tuntun hàn àlejò.

Ọ̀gá wọn kọjú sí mi. “Madam, ẹ̀yin náà rí i. Wọ́n ń tẹ̀lé òfin.”

Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ọkọ mi, mo sọ ti ọmọ. Ọ̀rọ̀ kò tò lẹ́nu mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lára wọn pòṣé.

Ìgbà náà ni mo rí Jímọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àgbékà. Ó rọra ń bọ̀. Ó dúró níwájú ọ̀gá náà, ó bọ́ ìbòmú rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Ọ̀gá, àárọ̀ yìí ni wọ́n fún wa ní èyí. Wọ́n ní ká dá a padà tí ẹ bá ti lọ. Àwọ̀n yìí náà, àárọ̀ yìí la ta á, èmi wà lára àwọn tó ta á. Ọmọ mi wà ní ọsibítù.”

Kò gbé ohùn sókè. Akoto Funfun ń wolẹ̀, ó ti dà bí ọmọ iléèwé. Ọ̀gá náà yí ìbòmú yẹn síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, ó ní, “Ṣé òótọ́ ni?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àìdáhùn wọn ti tó.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Wọ́n ti géètì pa.

Jímọ̀ mú irin ìrẹ́lé rẹ̀ àti okùn ìwọnlé, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bú u. Ẹnì kan tutọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. “O ti ba oúnjẹ wa jẹ́ nínú ààwẹ̀!” Mi ò lè dá ẹni náà lẹ́bi pátápátá.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Máàṣì

Mo ṣí gbogbo fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé wá, mo ti gbàgbé òórùn rẹ̀. Àdìjátù ti délé. Béèsì jókòó sí fàráńdà, ó ń kùn orin lábẹ́ ohùn—ohùn náà kò kún, àmọ́ mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 26 Máàṣì

Wọ́n sọ òkúta sí fèrèsé Jímọ̀. Hàlímọ̀ gbá ìfọ́ dígí. Ó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n ń lọ sí Ìjẹ̀bú lẹ́yìn Ìtúnu. Dókítà pàápàá ti ní ọmọ kò gbọdọ̀ dàgbà nínú eruku.

Mo ní, “Àmọ́ iṣẹ́ ti dúró.”

Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ. “Màmá, ilé alájà mẹ́sàn-án kì í dúró.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Épírì

Wọ́n ti lọ. Wọ́n kọ́kọ́ bá wa ṣọdún Ìtúnu, Hàlímọ̀ gbé ìrẹsì àti ẹran gòkè wá fún wa. Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Béèsì. Béèsì fà á dìde, ó sì ṣòro fún un láti fa ènìyàn dìde báyìí. Ó ní, “Èyí tí o ṣe yẹn, àwa ọmọ onílé kò rí i ṣe.” Hàlímọ̀ fún mi ní àdìrẹ kan, aró rẹ̀ jinlẹ̀. Àdìjátù di imú mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé ti ṣófo.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Épírì

Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun bo ọ̀dà pupa. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró sí ẹnu òpópónà. Aláriwo ti bẹ̀rẹ̀ láti aago méje. Kò sí àwọ̀n.

Akoto Funfun kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ni, kì í kí ènìyàn. Mo padà sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọwọ́ àwọn.

Ọjọ́bọ̀, 10 Épírì

Béèsì ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Kò kọsẹ̀, èémí ló tán. Mo bá a níbẹ̀ tó di igi àtẹ̀gùn mú, tó ń ya ẹnu bí ẹja. Íńhélà kò ṣiṣẹ́. Àwọn aládùúgbò bá mi gbé e.

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i nímú. Dókítà obìnrin yẹn fi fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn mí, ó fi ìka tọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Ó pọ̀ ju èyí tó kù lọ. “Mà, tí wọ́n bá padà sí ilé yẹn, mi ò rò pé wọ́n á rí Kérésìmesì.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Épírì

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ. Ìdí ibùsùn la ti ṣe ìpàdé ẹbí. Tọ́pẹ́ ti Ìkòròdú wá, ó ti tún yàrá kan ṣe fún bàbá rẹ̀, igi ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Anthony, àbúrò Béèsì, wá láti Sùúrùlérè.

Anthony kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn ń sọ ohun tó rí. Ilé ẹbí ni ilé wa, òun náà ní ìpín níbẹ̀, wọn kò sì lè tà á tí ẹnì kan bá ṣì ń gbé inú rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, tí ẹ bá ti kó jáde, kí la fẹ́ fi ilé òfìfo ṣe? Àwọn tó ń kọ́ ọ̀hún ti ń béèrè tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí ti gbà. Ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀, kí la fẹ́ máa sọ pé à ń dúró dè?”

Béèsì yọ ẹ̀rọ atẹ́gùn nímú kó lè dáhùn. “Mi ò lọ síbì kankan.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ tán. Tọ́pẹ́ ń da ẹ̀rọ náà padà, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. Ó kọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti pinnu: yóò kú sínú ilé yẹn kí wọ́n má baà rí i tà.

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó. “Ilé kò ní ṣófo. Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ máa lọ sí Ìkòròdú. Èmi á wà nílé.”

Tọ́pẹ́ pariwo, “Mummy, ẹ̀yin náà ní ẹ̀dọ̀fóró!”

Anthony rọra ní, “Aunty Ethel, ẹ má bínú o. Ilé yìí kì í ṣe tiyín.” Òótọ́ ni. Ọmọ Olówógbówó ni mí, ìyàwó ilé ni mo jẹ́ níbẹ̀.

Mo ní, “Ilé kì í ṣe tèmi. Ọkọ ni tèmi.”

Béèsì na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo dì í mú. Ó ń wò mí, ó ń wò mí. Nígbà tó ṣe, ó mi orí—bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 18 Épírì

Mo se fèréjọ̀ọ́ǹ, ẹ̀wà alágbọn tí àwọn Àgùdà máa ń jẹ lọ́jọ́ òní. Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kọ́ mi ní sísè é, ìkòkò ńlá ni mo ń lò. Mi ò lè fi ìkòkò kékeré sè é, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo bu ti Ìkòròdú sínú kúlà, Tọ́pẹ́ rán ẹnì kan wá gbé e. Mo pín ìyókù fún àdúgbò. Lánàá ni wọ́n gbé Béèsì kúrò ní ọsibítù lọ síbẹ̀ tààrà. Kò yà sílé. Ó ní tí òun bá yà, òun kò ní lè jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Épírì

Ọdún Àjíǹde ti parí, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ti fèrèsé, mo ti ki aṣọ bọ omi.

Béèsì pè mí bí mo ṣe ń mu tíì. Láti Máàṣì, orí àga ló ń sùn sí, ní ìjókòó, ìrọ̀rí lẹ́yìn. Ó ní lánàá òun dùbúlẹ̀. Ó ní òun fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lórí ibùsùn, òun sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, àkùkọ ló jí òun. Ohùn rẹ̀ ti ń padà wá sísàlẹ̀. Mo gbé fóònù mọ́ etí gírígírí kí n lè gbọ́ ọ, nítorí Aláriwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ láti ọ̀hún.

“Ethel, afẹ́fẹ́ ibí dára. Wá mí níbí díẹ̀.”

Mo ní màá wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní lọ́jọ́ Ajé màá padà sílé.